Ọ̀pá Ìfẹ́ná Àti Àpótí Tí Ó Gbé E Káàkiri

Ìdá kan nínú mẹ́rin abala ìwé lásán tó Johan Gottlieb Gahn láti fi da àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú. Yóò sun ìwé náà di eérú, yóò po eérú náà mọ́ sódà, yóò gbé e sínú ihò kékeré lára èédú, yóò ti ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹnu, yóò sì máa fẹ́ ọwọ́ iná fìtílà lé e lórí. Nígbà tí ó bá fẹ́ ẹ tó, yóò lọ èédú náà nínú odó kótópó, yóò fi omi ṣàn án, ohun tí yóò sì kù nídìí odó ni wóró bàbà tí ń dán. Jöns Jacob Berzelius, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Sweden, fi ojú ara rẹ̀ rí i lọ́pọ̀ ìgbà, òun ni ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Láyé ìgbà yẹn, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì kò tí ì mọ̀ pé bàbà wà nínú ewéko rárá. Gbogbo irinṣẹ́ tí Gahn fi rí i kò sì ju ohun tí àpò ẹ̀wù lè gbà lọ.

Falun, ní orílẹ̀-èdè Sweden, ni Gahn ń gbé. Ìlú bàbà ni. Àwọn baba ńlá wọn ti wa ilẹ̀ ibẹ̀ títí ihò fi pọ̀ nísàlẹ̀ ju ilẹ̀ tí ó kù lọ, nígbà tí ó sì di 1687, òkè ya lulẹ̀ di kòtò ńlá kan ṣoṣo. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ọjọ́ ọdún ni, kò sí awakùsà kankan nísàlẹ̀. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan ni ó wà lẹ́nu onílé àti àlejò: kí ló wà nínú òkúta yìí? Ìdáhùn rẹ̀ wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ní láti ru òkúta lọ sí ilé ìléru, kí wọ́n dáná ńlá, kí wọ́n yọ́ ọ, kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Àwọn kan ti gbìyànjú láti sọ ilé iṣẹ́ yìí di ẹrù tí ó ṣeé gbé. Johann Joachim Becher, ará Jámánì, ti ṣàlàyé irú rẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Peter Shaw àti Francis Hauksbee sì polówó tiwọn fún àwọn ará London ní 1731. Ṣùgbọ́n ìléru ni ìléru ń jẹ́. Bí ó ti wù kí a dín in kù tó, ẹni tí yóò gun òkè kò ní fẹ́ gbé e dání.

Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà ni ojútùú ti wá, bẹ́ẹ̀ ó ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé. Lára ògiri ibojì àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, a rí àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ irin tí wọ́n jókòó yí iná ká, tí wọ́n ń fi ọ̀pá fẹ́ ẹ. Ewìrì tí kò ní awọ ni: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn ni awọ rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn ní Yúróòpù fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ń jó irin mọ́ irin fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ẹni díẹ̀ ni ó sì rò pé ó lè wúlò fún ohun mìíràn. Ní nǹkan bí 1738, ará Sweden kan, Anton von Swab, fi í kan òkúta. Kò sí ìlù, kò sí fèrè, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìtàn wa ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Axel Fredrik Cronstedt dé. Ọkùnrin yìí ni ó rí níkẹ́lì ní 1751. Ní 1756, ó fẹ́ iná lé òkúta kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, òkúta náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó kùtùkùtù bí omi orí ààrò. Ó fi èdè Gíríkì sọ ọ́ ní òkúta tí ń hó, zeolite, orúkọ náà ni a sì ń pè é di òní, títí dé inú ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n ń fi í sí. Nígbà tí Cronstedt tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1758, tí ó fi to àwọn òkúta nípa ohun tí ó wà nínú wọn, kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Bóyá ó ń bẹ̀rù àwọn àgbà ni o, nítorí pé ohun tí ó ṣe kò bá ìṣe wọn mu: àwọ̀, ìrísí àti bí òkúta ti wúwo tó ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, òun ní kí a kọ́kọ́ fi iná bi í.

Ọ̀rẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, Gustav von Engeström, ni ó sọ ọ̀nà náà di ohun tí a lè gbé fún ọmọléèwé. Ó túmọ̀ ìwé Cronstedt sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní London ní 1770, ó sì fi àlàyé tirẹ̀ kún un lẹ́yìn, lórí ọ̀pá ìfẹ́ná àti àpótí kékeré kan tí ó pè ní ilé àyẹ̀wò inú àpò. Àpò ni ó wí, kò sì purọ́. Níbẹ̀ ni irú àpótí yìí ti kọ́kọ́ bọ́ sójú gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ ká ṣí irú àpótí bẹ́ẹ̀ wò. Ọ̀pá ìfẹ́ná ni àgbà inú àpótí náà. Idẹ ni, ó gùn tó íǹṣì mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tẹ̀ lẹ́nu, ó sì ní yàrá róbótó kan lára tí itọ́ yóò máa dúró sí kí ó má baà kán sínú iná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èédú igi páìnì, ẹ̀mú kékeré, òòlù àti irin pẹlẹbẹ tí a ń lu nǹkan lé, odó àti ọmọ odó, òkúta òòfà, wáyà plátínọ́ọ̀mù, àti àbẹ́là tàbí fìtílà elépo. Ìgò kéékèèké mẹ́ta ni ó gbé ẹrù tí ó ṣe pàtàkì jù. Bóráàsì wà nínú ọ̀kan, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà wa náà ń lò títí di òní. Sódà wà nínú èkejì, ẹbí kán-ún tí à ń fi sínú ewédú. Ẹ̀kẹta ni iyọ̀ kan tí wọ́n kọ́kọ́ yọ láti inú ìtọ̀ ènìyàn. Ẹ má bínú, bí ó ti rí nìyẹn.

Ọwọ́ iná gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí a bá fẹ́ ẹ, yóò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì gùn ṣóńṣó. Inú rẹ̀ láwọ̀ aró, ìta rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí. Ní ṣóńṣó ìta, afẹ́fẹ́ pọ̀ ju ohun tí iná lè jẹ lọ, nítorí náà òkúta tí a bá nà síbẹ̀ yóò gba ọ́síjìn sára. Nínú, èéfín epo tí kò tí ì jó tán ń wá ọ́síjìn kiri, yóò sì já a gbà lọ́wọ́ òkúta tí ó bá bá níbẹ̀. Iná kan náà, ọwọ́ kan ń fúnni, ọwọ́ kejì ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀, yóò kàn máa sun òkúta lásán ni.

Bí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n bá fi wáyà plátínọ́ọ̀mù dá òrùka kékeré, tí ó yọ́ bóráàsì sínú rẹ̀, bóráàsì yóò di ìlẹ̀kẹ̀ tí ó mọ́ gaara. Kí ó wá fi ìlẹ̀kẹ̀ gbígbóná yẹn kan ìyẹ̀fun òkúta, bí orí abẹ́rẹ́ báyìí, kí ó tún fẹ́ ẹ. Bí kóbáltì bá wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ yóò di aláwọ̀ aró tí ó jinlẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró tí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ṣe ní Igbó Olókun ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn fi rí bí ó ti rí: kóbáltì wà nínú gíláàsì wọn. Bí ó bá jẹ́ mánganíìsì ni, iná ìta yóò sọ ìlẹ̀kẹ̀ di aláwọ̀ elésè-àlùkò, iná inú yóò sì pa àwọ̀ náà rẹ́ pátápátá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Irin yóò mú un pọ́n rúsúrúsú níta, yóò mú un rí bí ara ìgò ọtí nínú. Bàbà yóò fún un ní àwọ̀ aró tí ó mọ́ níta, ṣùgbọ́n nínú, yóò sọ ọ́ di pupa kókó tí a kò lè rí òdìkejì rẹ̀.

Èédú náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Bí òjé bá wà nínú òkúta, wóró rírọ̀ kan yóò yọ́ jáde tí a lè fi òòlù tẹ́ pẹrẹsẹ, eruku ìyeyè yóò sì yí i ká lórí èédú. Eruku sínkì yóò rí bí ìyeyè nígbà tí ó bá gbóná, yóò funfun nígbà tí ó bá tutù. Bí fàdákà bá wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan yóò dúró tí kò ní bàjẹ́ bí ó ti wù kí a fẹ́ ẹ pẹ́ tó. Imú náà kò gbọ́dọ̀ sùn: bí ilé bá ṣàdédé ń rùn bí aáyù, ásẹ́níìkì ni, májèlé sì ni, ẹni tí ó bá gbọ́n yóò ṣí fèrèsé. Ní 1817, imú ni ó gbé ohun tuntun jáde. Gahn àti Berzelius ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ ásíìdì kan ní Gripsholm, èyí tí ń lo imí ọjọ́ láti Falun. Ẹrẹ̀ pupa kan jókòó sídìí ìkòkò ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ iná lé e, ó ń rùn bí gbòǹgbò ewébẹ̀ kan tí àwọn òyìnbó ń jẹ, tí ń ta sánmúsánmú. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé tẹlúríọ́ọ̀mù ni. Berzelius tún un yẹ̀ wò, ó sì rí i pé ohun tí ẹnìkan kò rí rí ni. Ó sọ ọ́ ní sẹlẹ́níọ́ọ̀mù, orúkọ òṣùpá.

Ohun tí ó ń lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sá ni fífẹ́ ọ̀pá náà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀dọ̀fóró fẹ́ ẹ yóò rẹ̀ kí òkúta tó gbóná, nítorí iná gbọ́dọ̀ dúró gbọin fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan láìmì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni a fi ń fẹ́ ẹ. A óò kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún èémí, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò máa tì í jáde díẹ̀díẹ̀, imú yóò sì máa mí bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Àwọn tí ń fun fèrè algáítà láàfin àwọn ọba ilẹ̀ Haúsá mọ irú ọgbọ́n yìí dáadáa, ìdí nìyẹn tí orin wọn kì í fi í dúró fún èémí. Ọmọ ilé-ìwé ní Yúróòpù lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó gbà. Owó lè ra àpótí, kò lè ra ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Èyí ni ó jẹ́ kí n gbà pé Gahn ni ọ̀gá gbogbo wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kọ́ ni ó fi gbayì. Ìrìn-àjò kékeré báyìí, kò ní lọ láìmú ọ̀pá rẹ̀ dání. Ìgbà kan wà tí Ekeberg, tí ó rí tántálọ́ọ̀mù, ní kí ó bá òun wo òkúta tuntun náà. Gahn fẹ́ ẹ díẹ̀, ó ní tánganran wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tánganran náà kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Gbogbo ìmọ̀ yìí, inú orí àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ó wà. Berzelius ni ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà ni ó sì jókòó tì í tí ó kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Gahn kú ní 1818. Ní 1820, Berzelius tẹ ìwé ọ̀pá ìfẹ́ná jáde, àwọn ará Jámánì, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sì túmọ̀ rẹ̀ kíákíá. Bí kò bá kọ ọ́, ibojì ni ìmọ̀ náà ìbá bá ọkùnrin Falun yẹn lọ, bí ti ọ̀pọ̀ babaláwo wa.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Berzelius pàdé Goethe, akéwì ńlá ilẹ̀ Jámánì, ní ìlú Eger ní Bohemia. Goethe fẹ́ràn òkúta bí ó ti fẹ́ràn ewì. Berzelius gbé ọ̀pá rẹ̀ jáde, ó fẹ́ òkúta kan sí òmíràn fún un. Bàbá náà kò fẹ́ kí ó dáwọ́ dúró, ohun tí ó sì dùn ún ni pé òun ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀pa kò bóró mọ́ láti kọ́ ọ.

Ibi tí àpótí yìí ti wá di ẹrù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni Freiberg, ní Saxony, nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìwakùsà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1765. Abraham Gottlob Werner ti jọba níbẹ̀ fún ogójì ọdún ó lé, ojú lásán àti ìka ọwọ́ ni òun sì fi ń kọ́ni láti dá òkúta mọ̀. Nígbà tí yóò fi kú ní 1817, ọ̀nà àwọn ará Sweden ti ń wọlé dé. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù: ọ̀pá ìfẹ́ná lè sọ pé fàdákà wà, kò lè sọ pé mélòó. Fún onílé-iṣẹ́ ìwakùsà, mélòó ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Eduard Harkort, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Freiberg, ni ó já a ní 1827. Ìlẹ̀kẹ̀ fàdákà tí ó ń jáde kéré ju ohun tí òṣùwọ̀n lè wọ̀n lọ, nítorí náà kò wọ̀n ọ́n mọ́. Ó fa ìlà méjì sára eyín erin, ìlà tí wọ́n sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi pàdé. Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sáàárín wọn, ó tì í lọ síbi tí ó ti kan ìlà méjèèjì, ó wá ka nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀. Láti inú bí ìlẹ̀kẹ̀ ti fẹ̀ tó, ó ṣírò ìwúwo rẹ̀. Mo rò pé kò sí ohun tí ó rẹwà tó èyí nínú gbogbo ìtàn yìí. Harkort kò dúró jẹ èrè rẹ̀: ó bá ìwakùsà lọ sí Mexico, ó bọ́ sínú ogun wọn, ogun gbé e dé Texas, ó sì kú sí Galveston ní 1836.

Ẹni tí ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ ni Carl Friedrich Plattner, ọmọ awakùsà, tí wọ́n bí sí abúlé kan lẹ́bàá Freiberg ní 1800. Kí ìyẹ̀fun òkúta tí kò ju ọgọ́rùn-ún mílígíráàmù lọ tó láti fi mọ iye fàdákà, wúrà, bàbà, òjé, tánganran, níkẹ́lì àti kóbáltì tí ó wà nínú òkúta, Plattner ni ó mú un ṣeé ṣe. Ó fi òjé kó fàdákà jọ, ó fi iná lé òjé wọ inú eérú egungun, fàdákà nìkan ṣẹ́kù. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1835, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1842. Àwọn oníṣẹ́ irin ní Freiberg, pàápàá ilé iṣẹ́ Lingke, ń kan àpótí tí ó bá ìwé náà lọ, onígi dídán, pẹ̀lú ihò àrà ọ̀tọ̀ fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà wọ́ lọ kọ́ ọ níbẹ̀, bíi Raphael Pumpelly ní àwọn ọdún 1850. Ní 1874, George Jarvis Brush ti Yale kọ ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fi ń dá òkúta mọ̀, iná àti ọ̀pá kan náà ni.

London ní tirẹ̀ sọ ọ́ di ọjà. Friedrich Accum, ará Jámánì tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Old Compton Street, ń ta àpótí kẹ́mísírì fún ẹni tí ó bá fẹ́, ó ń kọ́ni, ó sì ń kọ̀wé. Benjamin Silliman, tí Yale rán wá ra ẹrù ní 1805, wà lára àwọn tí ó jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ní 1820, wọ́n fẹ̀sùn kan Accum pé ó ń ya ojú ewé lára ìwé inú ilé ìkàwé. Ó sá padà sí Jámánì. Ní Cambridge, Edward Daniel Clarke rò pé èémí ẹnu kéré. Ó kó ọ́síjìn àti háídírójìn pọ̀ sínú àpótí bàbà kan, ó fẹ́ iná jáde lára rẹ̀, àpótí sì bú gbàmù lójú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní Cornwall, níbi tí tánganran pọ̀ sí, Letcher ti Truro lọ sí ọ̀nà mìíràn: ó ṣe àpótí olówó pọ́ọ́kú kí ọmọ awakùsà náà lè ra tirẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n yìí mọ hàn ní Freiberg fúnra rẹ̀. Ní 1885, wọ́n wa òkúta kan tí ẹnìkan kò mọ̀ jáde láti ihò Himmelsfürst. Theodor Richter, tí ó jogún ìwé Plattner, fẹ́ ẹ: fàdákà wà níbẹ̀, imí ọjọ́ wà níbẹ̀. Clemens Winkler wá fi omi àti òṣùwọ̀n ṣírò gbogbo rẹ̀, ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún kò sì sí nílé. Ó wá a fún oṣù mélòó kan kí ó tó rí i ní February 1886: jẹmáníọ́ọ̀mù. Ọ̀pá ìfẹ́ná kò lè sọ orúkọ ohun tí ẹnìkan kò tí ì sọ lórúkọ. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi dé ìdajì, ẹ̀rọ ìtànṣán ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn àpótí Freiberg sì ti ń wọ ilé àkójọ ohun àtijọ́.

Ní ilẹ̀ tiwa, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí àlùmọ́ọ́nì Gúúsù Nàìjíríà ní 1903. London ni wọ́n ń kó òkúta ibẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ìtàn ọ̀pá ìfẹ́ná kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọmọ onílẹ̀. Ó dun ni, nítorí òkúta tí ó rọrùn jù lọ láti fi kọ́ iṣẹ́ yìí wà nínú ìgò lórí tábìlì àwọn ìyá wa. Tìróò ni. Ẹ gbé èérún rẹ̀ lé èédú pẹ̀lú sódà, kí ẹ fẹ́ ẹ: wóró òjé yóò ṣàn jáde, eruku ìyeyè yóò yí i ká. Ní 2012, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ròyìn ọmọ jòjòló kan ní Boston, ọmọ Nàìjíríà, tí òjé pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tìróò tí wọ́n fi sí i lójú ni wọ́n yẹ̀ wò, òjé sì ni ìdá méjìlélọ́gọ́rin ó lé nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀.

Nísinsìnyí tí gbogbo ènìyàn ń wá lítíọ́ọ̀mù ní Èkìtì, Kwara àti Nasarawa, ẹ̀rọ bí ìbọn tí ń fi ìtànṣán X wo òkúta ni àwọn onímọ̀ ń mú dání. Ẹ̀rọ náà wọ́n, ó sì yára, ṣùgbọ́n kò lè rí lítíọ́ọ̀mù, nítorí ó fúyẹ́ jù. Ẹ fi ẹ̀mú mú èérún spodumene, òkúta tí lítíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, sínú ọwọ́ iná tí a fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ́: òkúta yóò wú, iná yóò sì pọ́n fòò.